Oògùn Kì í Rùn

"Ẹ má ṣí i o! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣí ilẹ̀kùn yẹn!"

Aníwúrà ju ọ̀bẹ tí ó fi ń ha ìpẹ́ ẹja sílẹ̀ níta, ó sì sáré wọlé. Ẹni tí ó bá lẹ́nu yàrá yìnyín kì í ṣe oníbàárà. Nọ́ọ̀sì Dora ni, ọmọbìnrin Ìlàjẹ tí ìjọba rán wá sí Okitipupa láti máa gún àwọn ọmọdé ní abẹ́rẹ́ èéyi. Aṣọ funfun rẹ̀ ti pọ́n fún eruku ọ̀nà Igbodigo, ọwọ́ rẹ̀ sì ti wà lára irin ilẹ̀kùn.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n wo ibi tí àpótí oògùn mi máa ń wà."

"Ta ló ń ṣí ilé yìnyín lọ́sàn-án gangan? Gbogbo otútù inú rẹ̀ ni yóò jáde. Jókòó ná, mu omi. Kí ló dé?"

Dora kò jókòó. Ó tẹ́tí sílẹ̀ bí ẹni tó ń wá ohùn kan tí kò gbọ́. "Ẹ́ńjìnnì yín kò dún."

"Ó ń sinmi ni."

"Ṣé ojoojúmọ́ ló máa ń sinmi báyìí? Àárọ̀ ni mo máa ń wá, mi ò bá a kó dákẹ́ rí."

Aníwúrà mọ ohun tí ó yẹ kí ó sọ. "Bẹ́ẹ̀ ni" ni ìdáhùn náà, kò sì gùn. Ṣùgbọ́n ojú ọmọ náà bà á lẹ́rù, ó sì fi ìbéèrè pa ìbéèrè. "Kí ló ṣẹlẹ̀ ní Igbodigo?"

"Ọmọ kan kú lánàá. Èéyi ni. Òmíràn tẹ̀ lé e láàárọ̀ yìí, mo sì bá wọn tó ń gbẹ́lẹ̀." Dora na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú. "Èmi ni mo gún wọn lábẹ́rẹ́, Màmá. Mo sọ fún àwọn ìyá wọn pé èéyi kò ní mú wọn mọ́. Wọ́n ní mo ti ta oògùn ìjọba, wọ́n ní omi odò ilẹ̀ wa ni mo bù sí ọmọ wọn lára. Ìyá kan tutọ́ sí mi lójú. Ọ̀gá mi ń bọ̀ láti Oǹdó lọ́la láti wá wádìí."

Aníwúrà kò tún sọ̀rọ̀ otútù mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣí ilẹ̀kùn náà. Afẹ́fẹ́ tútù ṣàn jáde, ó sì bọ́ sí wọn lẹ́sẹ̀. Ẹja wà nílẹ̀ nínú àpótí wọn: ẹja dídì tí à ń pè ní òkú Èkó, tí ọkọ̀ ń gbé wá láti Èkó, àti àrọ̀ àti òbòkún tí àwọn apẹja ń kó wá láti etí omi. Ó mú ẹja kótè kan, ó fi lu férémù ilẹ̀kùn. Ó dún kó, kó, bí igi.

"Ṣé o gbọ́? Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣọ́ ilé yìí, ẹja mi kò rọ̀ rí."

Ọmọ apẹja ni Dora. Kí ó tó mọ ìwé kà ni ó ti mọ ẹja yẹ̀wò. Ó fi àtàǹpàkò tẹ ojú ẹja náà, ó tẹ ikùn rẹ̀, ó gbé e sún mọ́ imú. Ojú rẹ̀ mọ́, ara rẹ̀ le, kò rùn. Ó gbójú sókè wo pẹpẹ tí àpótí oògùn rẹ̀ máa ń wà, lókè ilẹ̀kùn nínú yàrá náà. Pẹpẹ náà ṣófo, aṣọ funfun nìkan ló wà lórí rẹ̀. Oògùn ti tán, ó ti wà lára àwọn ọmọ.

"Kì í ṣe ibí nìyẹn," ni ó wí, ohùn rẹ̀ sì kéré. "Bí ẹja kò bá bàjẹ́, oògùn kò lè bàjẹ́. A jẹ́ pé ọwọ́ mi ni."

Ó dá ẹja náà padà, ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ, ó dúpẹ́, ó sì lọ.

Aníwúrà dúró títí kò fi gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà ni ó fa àpótí ẹja kan sẹ́nu ọ̀nà, ó gun orí rẹ̀, ó sì na ọwọ́ sí orí pẹpẹ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú otútù tó ń ta á bí abẹ́rẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ lókè wà nínú ooru. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé pákó náà, ó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ẹ̀yìn ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sílẹ̀ lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ó di férémù mú kí ó má baà ṣubú.

Kì í ṣe obìnrin aláìbìkítà ni Aníwúrà. Bí ó bá jẹ́ aláìbìkítà ni, ilé yìnyín náà ì bá ti kú tipẹ́. Lawrence Adéyẹyè, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ló kọ́ ọ sí ẹ̀bá ọjà ní ọdún tí ogun abẹ́lé ń parí lọ. Ẹ́ńjìnnì tí ó rà sí i ń mu epo bí ọ̀mùtí. Nígbà tó yá, epo wọ́n. Ọkọ̀ tó ń gbé e bọ̀ láti Èkó lè dé lónìí, ó lè má dé fún ọ̀sẹ̀ méjì. Lawrence ní kí wọ́n tilẹ̀kùn, kí wọ́n ta ẹ́ńjìnnì. Aníwúrà, tí ọkọ rẹ̀ ti kú, tí ó ń ta ẹja yíyan nígbà náà, ní kí ó fi òun sídìí rẹ̀.

Ó lọ kó lẹ́búlẹ́bú igi ní ilé ìlagi, ó fi dí gbogbo ihò ara ògiri. Ó ní kí wọ́n fi ẹfun kun páànù òrùlé, kí wọ́n sì kó imọ̀ ọ̀pẹ lé e kí òòrùn má baà rí i. Ó yọ àwọn gílóòbù tí ń tanná fún ẹja tí kò lè ríran mọ́. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ nìkan ni ó ń jẹ́ kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn, ẹni tó bá pẹ́ dé yóò padà wá. Ní ìparí rẹ̀, ó ṣàkíyèsí pé bí ilẹ̀kùn bá ti wà ní títì, ẹja kò mọ̀ bóyá ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́. Ó wá sọ fún Ambrose, ọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹ́ńjìnnì, pé bí ọjà àárọ̀ bá ti tú, kí ó pa á, kí ó má tàn án títí òòrùn yóò fi rẹlẹ̀. Epo tí wọ́n ń lò dín sí ìdajì. "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́," ni ó máa ń wí, ó sì máa ń rẹ́rìn-ín. Onílé ìtura tó wà ní òkè ọjà wá wò ó. Oníbúrẹ́dì náà wá, ó sì lọ dí ògiri tirẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín, kò sí ohun tó burú nínú rẹ̀. Ẹni tó ń ṣọ́ epo gbọ́n ju ẹni tó ń dà á nù lọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni pé ẹja nìkan ni Aníwúrà fi ń wọn otútù, nígbà tó jẹ́ pé ẹja nìkan kọ́ ló ń sùn nínú yàrá náà mọ́.

Fíríìjì oníkẹrosíìnì tó wà ní ilé ìwòsàn Dora ló bàjẹ́. Dora wá bẹ̀bẹ̀ fún àyè díẹ̀, Aníwúrà sì fún un tayọ̀tayọ̀. Nílẹ̀, láàárín ẹja, ni wọ́n kọ́kọ́ gbé àpótí náà sí. Ì bá ti wà níbẹ̀ títí. Ṣùgbọ́n ìdílé kan wà ní Igbodigo tí wọn kì í jẹ àrọ̀. Eèwọ̀ baba wọn ni, wọn kì í tilẹ̀ fọwọ́ kan omi tí a fi fọ̀ ọ́. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ibi tí oògùn ń sùn, àwọn obìnrin ilé náà gbé ọmọ wọn pọ̀n. "Oògùn tó bá àrọ̀ sùn ni ẹ fẹ́ fi sí wa lọ́mọ lára? Ẹ ṣeun, a ti gbọ́." Àwọn obìnrin mìíràn tẹ̀ lé wọn lọ sílé. Ni Aníwúrà bá ní kí Ambrose kan pákó mọ́ òkè ilẹ̀kùn, ibi tó jìnnà sí ẹja jù lọ. Ó tẹ́ aṣọ funfun sí i, ó gbé oògùn lé e, ó sì ránṣẹ́ sí Igbodigo pé oògùn ti kúrò lọ́dọ̀ àrọ̀. Wọ́n padà wá, wọ́n ń súre fún un. Kò sí ẹni tó rántí pé ooru a máa gòkè. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti sùn lọ́sàn-án, otútù a bá ẹja dùbúlẹ̀ nílẹ̀, ooru a sì gba òkè. Ẹja tó bàjẹ́ yóò rùn, gbogbo ọjà yóò sì mọ̀. Oògùn kì í rùn.

Nígbà tí òòrùn ń wọ̀, Aníwúrà wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ro gbogbo ọ̀rọ̀ náà láìgbójú sókè.

Lawrence gbọ́ ọ dé òpin. "Ta lo tún sọ ọ́ fún?"

"Ẹ̀yin nìkan."

"Jẹ́ kó dúró síbẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n mi, nọ́ọ̀sì yẹn ń sunkún. Wọ́n ń pè é ní olè."

"Òṣìṣẹ́ ìjọba ni. Wọn yóò gbé e lọ sí ìlú mìíràn, ọ̀rọ̀ á sì tán. Àwa ńkọ́, ibo ni wọn yóò gbé wa lọ? Ìwọ náà ronú. Ọjọ́ tí wọ́n bá gbọ́ pé ilé wa ló ba oògùn jẹ́, ta ni yóò ra ẹja níbẹ̀ mọ́? Wọn yóò ní ẹja ikú ni. Ilé yẹn ló ń bọ́ ọ, òun ló ń bọ́ àwọn ọmọ tí ogun sọ di aláìníbaba nínú agbolé yìí. Àwọn tó ti kú, ṣé ẹnu rẹ ni yóò jí wọn?"

Ìkà kọ́ ni Lawrence. Ó ti ru ẹrù ẹlòmíràn pẹ́, kò sì fẹ́ kí ó já lé e lórí.

"Àwọn tí kò tíì kú ńkọ́?" ni Aníwúrà bi í. "Inú àpótí yẹn kan náà ni àwọn ọmọ Ìjù-Odò ti gba abẹ́rẹ́ tiwọn. Tinúọlá gbà nínú rẹ̀."

Ọmọ ọmọ Aníwúrà ni Tinúọlá, Lawrence ló sì sọ ọ́ lórúkọ. Ohùn rẹ̀ yí padà. "Lọ mú un wá láàárọ̀. Sọ fún ìyá rẹ̀ pé àárò rẹ̀ ló ń sọ ọ́. Má sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí nọ́ọ̀sì tún un gún nígbà tí oògùn tuntun bá dé, kò sẹ́ni tó máa béèrè ìdí."

"Àwọn ọmọ yòókù?"

"Ọlọ́run ló ni wọ́n."

Ó dára kí ènìyàn mọ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó máa ń rántí pé Ọlọ́run ló ni ọmọ ẹlòmíràn lẹ́yìn tó bá ti rí ọ̀nà láti kó tirẹ̀ yọ. Aníwúrà náà sì gbà. Kì í ṣe pé wọ́n fipá mú un. Ọkàn rẹ̀ fúyẹ́ díẹ̀ nígbà tó ń lọ sílé, ojú sì tì í pé ó fúyẹ́. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn, kò sì rí oorun kankan sùn.

Ní àárọ̀, kí ó tó wọ ọkọ̀, ó yà ní ilé yìnyín. "Ambrose, má pa ẹ́ńjìnnì lónìí."

"Epo ńkọ́, Màmá? Èyí tó kù kò pọ̀."

"Jẹ́ kó máa mu ún."

Ambrose wò ó bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Ẹ́ńjìnnì ń dún gbururu nígbà tí ó ń lọ, ó sì ń mú kí pẹpẹ tí kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀ tutù.

Ní Ìjù-Odò, ó bá Morádéyọ̀, ọmọ rẹ̀, níbi tí ó ti ń mọ púpurú lẹ́yìn ilé. Inú ọmọ náà dùn, ó kúnlẹ̀, ẹ̀gẹ́ rírẹ tí wọ́n fi ń ṣe é kún ọwọ́ rẹ̀.

"Ìye! Ẹ káàárọ̀. Ṣé kò sí o? Ẹ kì í kúrò nídìí ẹja yín láàárín ọ̀sẹ̀."

"Kò sí nǹkan. Àárò Tinúọlá ló sọ mí. Mo fẹ́ mú un lọ sọ́dọ̀ mi fúngbà díẹ̀." Ọ̀rọ̀ náà jáde geere, bí Lawrence ṣe kọ́ ọ. "Òun dà?"

"Ó wà nílé Catherine, ìyàwó ilé kejì. Èéyi mú ọmọ Catherine láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Oko ni wọ́n wà lọ́jọ́ abẹ́rẹ́, wọn ò gbà á. Ọmọ náà kàn ń sunkún ṣáá pé òun nìkan ló wà nínú yàrá. Mo wá ní kí Tinúọlá lọ máa bá a ṣeré, ṣebí òun ti gba abẹ́rẹ́ tirẹ̀." Morádéyọ̀ rẹ́rìn-ín. "Ọpẹ́lọpẹ́ nọ́ọ̀sì yẹn, Ìye. Láyé àtijọ́, ta ló jẹ́ jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ gba ẹ̀bá ilé èéyi kọjá?"

Aníwúrà kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà Catherine kí Morádéyọ̀ tó fọwọ́ nù.

Yàrá náà ṣókùnkùn, wọ́n ti fi aṣọ bo fèrèsé. Ọmọ Catherine dùbúlẹ̀ lórí ẹní, èéyi sú bò ó láti iwájú orí dé ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n kò dá wà. Tinúọlá nìkan kọ́ ló sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Àwọn ọmọ kún inú yàrá náà. Àwọn kan ń ta òkòtó, àwọn kan ń bu ẹ̀kọ jẹ nínú àwo kan ṣoṣo pẹ̀lú aláìsàn náà, ọmọdébìnrin kan tilẹ̀ ti sùn lọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Gbogbo wọn ló ti gba abẹ́rẹ́. Nítorí náà ni àwọn ìyá wọn ṣe yọ̀ǹda wọn, láti fi ṣoore fún Catherine.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Aníwúrà wá mú. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìye ńlá!" Tinúọlá ti rí i, ó dìde, ó sá wá dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Aníwúrà gbé e, ó sì gbé e jáde sínú ìmọ́lẹ̀. Ojú ọmọ náà pọ́n díẹ̀, ó ń ṣomi. Imú rẹ̀ náà ń ṣomi.

"Èéfín ló kó sí i lójú," ni Morádéyọ̀ wí lẹ́yìn rẹ̀.

Kò sí iná nínú yàrá náà. Aníwúrà fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ọrùn ọmọ náà. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Bí pákó yẹn ṣe lọ́ wọ́ọ́rọ́ gan-an ni.

"Morádéyọ̀, pe àwọn ìyá wọn. Kí wọ́n wá kó àwọn ọmọ wọn nísinsìnyí."

"Nítorí kí ni? Wọ́n ti gba—"

"Oògùn tí wọ́n gbà ti kú kí ó tó dé ara wọn."

Morádéyọ̀ wò ó. Kò tíì yé e. "Èyí tí wọ́n ń sọ ní Igbodigo náà ni? Pé nọ́ọ̀sì ta oògùn?"

"Nọ́ọ̀sì kò ta nǹkan kan. Ọmọ náà kò mọ nǹkan kan. Èmi ni. Lọ́dọ̀ mi ni oògùn wà. Mo ń pa ẹ́ńjìnnì lọ́sàn-án kí epo má baà tán, òkè tí mo gbé oògùn sí sì ń gbóná. N kò fọwọ́ kàn án wò. Ẹja ni mo ń fọwọ́ kàn."

Obìnrin méjì tó ń bọ̀ láti odò ti dúró. Catherine jáde láti ẹ̀yìn ilé rẹ̀, igbá wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì gbọ́ èyí tó tó fún un. Kò sí ẹni tó pariwo. Ó wu Aníwúrà kí wọ́n pariwo.

Morádéyọ̀ na ọwọ́. "Ẹ gbé ọmọ mi fún mi." Ó gbà á, ó sì gbé e lé àyà. Ó tẹjú mọ́ ìyá rẹ̀ títí.

"Ẹja yín ńkọ́, Ìye? Ṣé òun náà bàjẹ́?"

Aníwúrà wo ojú pípọ́n Tinúọlá.

"Kò bàjẹ́."

Morádéyọ̀ yí ẹ̀yìn padà, ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Aníwúrà kò kan ilẹ̀kùn náà. Ó sọ fún àwọn obìnrin náà pé kí wọ́n ya ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná sọ́tọ̀, kí wọ́n gbé àwọn tí ara wọn tutù lọ bá Nọ́ọ̀sì Dora lónìí, pé ọ̀gá rẹ̀ ń bọ̀ láti Oǹdó, yóò sì ránṣẹ́ mú oògùn tuntun wá. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ojúlé dé ojúlé, ó ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà. Nílé kan wọ́n dá a lóhùn. Nílé kan wọ́n da omi ìfọwọ́ sí ẹsẹ̀ rẹ̀, kò sì yẹra. Nígbà tí ó ti dé ojúlé tó kẹ́yìn, òòrùn ti ga, ó sì jáde sí ojú títì.

Ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ń lọ sí Okitipupa dúró fún un. Awakọ̀ náà mọ̀ ọ́n, ta ni kò mọ̀ ọ́n? "Màmá ẹlẹ́ja, ẹ gun iwájú. Ọjà ni mo máa já yín sí, àbí?"

"Rárá. Kọjá ọjà. Gbé mi dé Igbodigo."

"Igbodigo?" Ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó tutù, kò rí agbọ̀n, kò rí igbá. "Wọ́n ń ṣọ̀fọ̀ níbẹ̀, Màmá. Wọn ò ní ra ẹja lónìí."

"Mo mọ̀," ni Aníwúrà wí, ó sì di irin ọkọ̀ mú, ó gùn ún. "N kò ta nǹkan kan lónìí."